Bọ́ọ̀sì Tó Ń Gbé Wa Lọ sí Ẹ́pọ́ọ̀tù Ìkẹjà: Ẹ Bá Dẹ́rẹ́bà Sọ Ọ́ Yé Kẹ́ Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síra wa. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan kì í dá lọ sókè òkun. Orúkọ ẹnì kan ló wà lára físà, orúkọ ẹnì kan náà ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rìnlá ló máa sin ín dé Ìkẹjà. Ìyá á lọ, bàbá á lọ, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á ní òun ò ní í gbélé, àbúrò ìyá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá á ní kí wọ́n fi òun sí i, pásítọ̀ tàbí ààfáà tó gbàdúrà sí páálì náà ò ní í kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́kùnrin tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nílé á rọra fẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bíi pé kọndọ́ọ̀ lòun. Bí wọ́n bá ti kà wọ́n tán, ìbéèrè kan ló kù: ọkọ̀ wo ló máa gbé gbogbo wa?

Àwọn kan máa ń fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kí ni èèyàn mẹ́rìnlá ń wá lọ síbi tí wọn ò ti ní í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwa ò ní í bá wọn dá sí i. Ọmọ tó ń lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Òyìnbó, àbí tó ń lọ ṣe másítà ní Kánádà, ó lè tó ọdún márùn-ún kó tó padà wálé, ó lè di mẹ́wàá pàápàá, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì ò kéré, ọ̀rọ̀ páálì náà ò sì tètè ń yanjú. Ìyá àgbà tó jókòó níwájú ọkọ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tóun máa fọwọ́ kan ọmọ-ọmọ òun nìyẹn. Ta ló fẹ́ẹ́ sọ fún un pé kó dúró sílé nítorí àyè ọkọ̀?

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé ayọ̀ lọ, òun náà ló máa ń ba ayọ̀ jẹ́. Ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, ìdílé kan wà tọ́mọ wọn obìnrin fẹ́ẹ́ lọ kàwé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn sí. Aago mẹ́wàá lù, wọn ò rí i. Mọ́kànlá lù, ó ní òun ti wà lọ́nà. Aṣé ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ kó èrò lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀, ó ní kóun fi rí owó epo. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù kó tó dé, èjìká rẹ̀ ló fi ń nu òógùn. Wọ́n kó sọ́kọ̀, wọ́n ń lọ, ó di ìtòsí Ògúnmákin, táyà yọ fọ́nfọ́n, ó bẹ́. Wọ́n ní kó mú sípíà jáde, sípíà ọ̀hún ló tún ti bẹ́ ṣáájú. Kí wọ́n tó rí ẹni tó fi ọ̀kadà lọ wá táyà wá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Ìkẹjà, wọ́n ti ti káńtà. Bàálù ṣì wà nílẹ̀ o, wọ́n ṣì ń kó èrò sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn mọ́. Owó tí ọmọ yẹn fẹ́ẹ́ fi san owó ilé oṣù àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n fi yí tíkẹ́ẹ̀tì padà. Dẹ́rẹ́bà? Ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù. Àìbéèrè ọ̀rọ̀ ni, àtàìsọ àdéhùn yé ara ẹni. Ìdí nìyí tá a fi ní ká rin ìrìn-àjò yìí pọ̀ lónìí, láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé Ìkẹjà, ká sì tún bá a dé ọjọ́ tá a máa lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace tí wọ́n ń pè ní oníjókòó mẹ́rìnlá, èèyàn ni wọ́n fi ka ìjókòó ẹ̀, wọn ò ka àpótí mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù tó ń gbé èrò láti Nàìjíríà máa ń gba àpótí ńlá méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, kílò 23 ni wọ́n sì sábà máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá jẹ́ tọkọtaya ló ń lọ, àpótí mẹ́rin nìyẹn, kílò 92, ká má tíì ka báàgì ọwọ́. Ibo lẹ fẹ́ẹ́ kó o sí? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹrù wọlé láìní wàhálà, ẹ fi ìlà ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Àpótí tí wọ́n bá so mọ́ orí ọkọ̀, òjò lè pa á, okùn ẹ̀ sì lè já. Bí ẹ ò bá ju márùn-ún lọ, Sienna kan ti tó yín, á sì tún yá ju bọ́ọ̀sì lọ. Ẹ má lọ háyà dánfó aláwọ̀ yẹ́lò Èkó fún ìrìn Ìbàdàn o, iṣẹ́ ìgboro ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò kẹ́ ẹ tó máa dáwó, ìjà ló máa dà. Ká sọ pé ọlọ́kọ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà lòun máa gbà, tẹ́yin mẹ́wàá sì ń lọ, ẹgbẹ̀rún méjìlá-méjìlá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ẹni tó ń rìnrìn-àjò àtìyá àgbà kúrò níbẹ̀, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹni mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti dáwó ló ní ìjókòó. Ẹni tó bá ní òun máa san án tá a bá dọ́hùn-ún, ẹ bá a ṣàdúrà, kó dúró sílé. Kí ẹnì kan ṣoṣo gba gbogbo owó náà sọ́wọ́, kí ẹni yẹn nìkan sì máa bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń pàṣẹ fún awakọ̀, kò ní í gbọ́ ti ẹnì kankan.

Kẹ́ ẹ tó fún un lówó àsansílẹ̀, ẹ jókòó bá a sọ ọ́. A gbọ́ bí màmá kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ lójú wa.

"Bọ̀dá dẹ́rẹ́bà, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé lọ àti bọ̀ ni owó tẹ́ ẹ pè yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Lọ àti bọ̀ ni."

"Ó dáa. Wákàtí mélòó lẹ máa fi dúró dè wá níbẹ̀?"

"Háà, Màmá, ẹ ẹ̀ ní í pẹ́ náà."

"Èmi ò bèèrè bóyá a máa pẹ́. Wákàtí mélòó?"

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́ta, Màmá."

"Ta ló máa san owó géètì ẹ́pọ́ọ̀tù àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"A gbọ́. Ẹ ṣí bàtà ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ n fojú ara mi rí sípíà àti jáàkì. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Láìsẹ́nsì ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí ẹ máa rán ọmọọṣẹ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé ọlọ́pàá lẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n ó mú sípíà jáde. Ìdajì owó ni màmá san fún un lọ́jọ́ náà, ó ní ìdajì tó kù di ìgbà táwọn bá padà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Awakọ̀ tó ti gba gbogbo owó ẹ̀ tán, ọkàn ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ó kan aago. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù láti Ìkẹjà, alẹ́ ni wọ́n ń gbéra. Ká sọ pé aago mọ́kànlá alẹ́ ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí káńtà, tó bá sì ti ku wákàtí kan, wọ́n á tì í. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ débẹ̀ ní aago méje. Ìbàdàn sí Ìkẹjà, bí ọ̀nà bá dáa, wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìgbà tí ọ̀nà máa dáa? Ẹ kúrò nílé ní aago méjìlá ọ̀sán, ó pẹ́ jù, aago kan. Bẹ́ ẹ bá tètè dé, ẹ jókòó, ẹ jẹ ìrẹsì tẹ́ ẹ bù sínú kúlà. Ẹni tó dé ṣáájú, oúnjẹ ló máa jẹ. Ẹkún lẹni tó pẹ́ máa sun.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ọ̀hún, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 127 àti díẹ̀ ni. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ńlá lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é, tójú àwa tá à ń gbabẹ̀ ń rí màbo. Láti Ìwó Road, ẹ máa kọjá Toll Gate àtijọ́, ẹ máa rí abúlé Guru Maharaj Ji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ máa kọjá Ògúnmákin, ẹ máa dé oríta Ṣágámù táwọn tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú àti Ẹdó ti ń yà. Títí débẹ̀, orin lẹ ṣì ń kọ nínú ọkọ̀. Ibi tẹ́nu máa ti pa mọ́ ni láti Rẹ̀dẹ́mpṣọ̀n Kám̀pù sí Mọ́wé, Ìbafò, Arépo, títí dé afárá gígùn, Kara tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò, àti Berger. Ibẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi ṣe ilé. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, táwọn Rìdíìmù máa ń ṣe ìsìn òru wọn, ẹ fi wákàtí méjì kún aago yín. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ayé ló ń wọ Èkó. Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò Kara nìkan tó dí ọ̀nà.

Láti Berger, ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń gba Ọjọ́ta, Maryland, Anthony, kí wọ́n tó já sí Òṣòdì, kí wọ́n sì yà sí ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù. Ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù yẹn ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Ìjọba Èkó ló fẹ̀ ẹ́, Ààrẹ Muhammadu Buhari ló wá ṣí i ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹ máa kọjá Máfọ̀lúkù, ẹ máa rí ọ̀nà Àjàó Estate, ẹ sì máa dé géètì tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ sọ pé òun mọ ọ̀gá kan níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa san owó géètì ẹ́pọ́ọ̀tù, tó fi mọ́ Ààrẹ àti igbá-kejì ẹ̀. Bí wọ́n bá lè ní kí Ààrẹ san án, ta wá ni bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ìwó Road?

Kẹ́ ẹ tó wọ géètì yẹn, ẹ tún tíkẹ́ẹ̀tì wò: ilé èrò wo ni? Ìkẹjà kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Láti àsìkò ogun àgbáyé kejì ni bàálù ti ń balẹ̀ sí Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ilé ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní 1976 sọ, oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì wo pápákọ̀ Schiphol tó wà ní Amsterdam kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé èrò tuntun fáwọn tó ń lọ sókè òkun, táwọn ará Ṣáínà kọ́. Ní 2025, ìjọba tún kéde pé àwọn fẹ́ẹ́ tún ti àtijọ́ ṣe látòkèdélẹ̀. Nítorí náà, ilé èrò tí ẹ̀gbọ́n yín gbà lọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè má jẹ́ èyí tẹ́yin máa lò. Àwọn tó ń lọ sí Àbújá tàbí Kánò náà ní tiwọn lọ́tọ̀, lókàl ni wọ́n ń pè é, MMA2 tí wọ́n ṣí ní 2007 wà lára ẹ̀. Lókàl àti ìntànáṣọ́nàl kì í ṣe ojúlé kan, bí wọ́n bá sọ yín sí èyí tí kì í ṣe tiyín, ọkọ̀ lẹ tún máa wọ̀.

Ẹ wọn ẹrù nílé. Ẹ yá òṣùwọ̀n lọ́dọ̀ aládùúgbò tó ń ta oúnjẹ dídì, ẹ gbé àpótí lé e. Ohun tó ń tini lójú ni ká tú àpótí sílẹ̀ níwájú káńtà, kí èlùbọ́ máa dà, kí pátá máa fò jáde, kí ìyá máa bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀gúsí yìí ò wúwo. Ẹ rántí pé wọn kì í gba ẹran gbígbẹ àti kílíṣí wọ ìlú Òyìnbó, ẹ má sọ pé wọn ò ní í rí i.

Tí bọ́ọ̀sì bá dúró níwájú ilé èrò, wọn ò ní í fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ti gbàdúrà tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ kà á, kí dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, kẹ́nì kan sì bá a lọ, kí wọ́n má wá a tì. Àwọn gìrìpá kan á sáré wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ẹ́ bá yín ti ẹrù. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fúnra yín ti ẹrù yín. Pásípọ́ọ̀tù ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kódà kì í ṣe ọwọ́ bàbá ẹ̀.

Tọ́mọ bá ti gba bọ́dì páàsì, tó ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n, iṣẹ́ yín ti parí. Ẹ máa lọ. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ẹ́ dúró títí bàálù fi máa gbéra. Aago mọ́kànlá alẹ́ nìyẹn, ta ló fẹ́ẹ́ bá a yín wa ọkọ̀ gba márosẹ̀ lóru? Awakọ̀ tó ti jí láàárọ̀ kùtù, oorun á ti máa kun ojú ẹ̀, àwọn olè náà ò sì tíì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ẹbí l'Ékòó, ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì ti bá dẹ́rẹ́bà sọ owó oorun yẹn ṣáájú. Bí ẹ ò bá ní ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí, ẹ jẹ́ kéèyàn méjì tó gbọ́njú dúró ti ọmọ, kí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, kí bọ́ọ̀sì kó àwọn tó kù padà kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn méjì náà lè wọ rélùwéè bọ̀ lọ́jọ́ kejì, láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàrin Èkó àti Mọ́níyà.

Ó ku ọjọ́ tá a máa lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀. Ibí lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ọjọ́ kà. Bó bá pè yín láti London nígbà òtútù pé aago mẹ́wàá, aago mọ́kànlá ló lù lọ́dọ̀ tiwa. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago kan náà la jọ ń lò. New York fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ẹ̀rùn tiwọn. Ẹni tó bá wọ bàálù l'Amẹ́ríkà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ló máa balẹ̀ n'Ìkẹjà. Ìdílé tó bá gbé bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa san. Ẹ ní kó fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ tó máa balẹ̀, ẹ fi ọjọ́ tó gbéra sílẹ̀.

Tí bàálù bá sì balẹ̀, ẹ má retí pé á jáde lójú ẹsẹ̀. Ó máa tò fún ìmígíréṣọ̀n, ó máa dúró de àpótí, wákàtí kan sí méjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìdí nìyẹn tí wákàtí ìdúró fi gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn yín. Ẹ fẹnu kò síbi tẹ́ ẹ ti máa pàdé, kẹ́ ẹ sì sọ àwọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ fún un. Kó má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ní àwọn ẹbí ẹ ló rán òun. Láwọn ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ àwọn ẹ́pọ́ọ̀tù tiwọn pé ààbò Ìkẹjà ò pé tó. Wọ́n ti ká ìwé yẹn kúrò tipẹ́, ibẹ̀ sì ti dáa ju tìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n la fi ń gbé ayé. Ẹ má ṣe máa pariwo "Ará London dé o!" níwájú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ dì mọ́ ọn, ẹ kó ẹrù, ẹ lọ. Ijó dùn jó nílé.

Bọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Òun ni ibi ìkẹyìn tí gbogbo ẹbí ti máa jókòó pọ̀ kí òkun tó pín wọn níyà, òun náà sì ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti máa tún rí ara wọn. Bó bá dé lásìkò, tí táyà ẹ̀ dáa, tí awakọ̀ ẹ̀ ò sì mutí, ìyá àgbà á ráàyè di ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà láìsí aáwọ̀. Ẹ lọ wo sípíà kẹ́ ẹ tó sanwó o. Àlọ ire, àbọ̀ ire fún gbogbo wa.